Ẹ̀kọ́ Lórí Alùpùpù: Bí Iná Iwájú Bá Kọ̀ Tí Kò Tàn

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí ó bá ń dáko ní àyíká Lugbe yìí mọ̀ pé ọjà kì í dúró de oòrùn. Bí a bá fẹ́ kó ẹ̀fọ́, ilá tàbí ata tútù dé ọjà kí àwọn alágbàtà tó lọ, a ní láti gbéra ní ìdájí. Bí a bá sì ti oko bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí a tó di àpò gbágùúdá mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù tán, ilẹ̀ ti ṣú. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní àárín ìgboro Àbújá, ṣùgbọ́n ní ẹ̀bá ìlú níhìn-ín, alùpùpù ni ẹṣin wa, òun náà ni ọmọlanke wa. Ọ̀nà oko kò ní iná òpó. Ọ̀nà ńlá tí ó lọ sí pápákọ̀ òfurufú, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, kò mọ ojú àgbẹ̀: eré àsápajúdé ni àwọn ọkọ̀ ń sá níbẹ̀. Ẹni tí iná iwájú rẹ̀ ti kú, kò rí ọ̀nà, àwọn ẹlòmíràn kò sì rí òun.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, kí ó lè yé wa bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó. Alùpùpù tí ó ń sá eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 11 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Ká ní iná rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi hàn kọjá mítà 15. Kí ojú tó rí igi tí ó wó dábùú ọ̀nà, kí ọwọ́ tó di bíréèkì mú, bí ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ, mítà 4 péré ni ó sì kù. Bẹ́ẹ̀ ni, lórí ọ̀dà gbígbẹ pàápàá, alùpùpù náà ń fẹ́ bíi mítà 9 kí ó tó dúró. Lórí ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́, ó ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi náà ni yóò dá a dúró. Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 20 ni ó ń sá, gbogbo rẹ̀ pátá, àti ìríran àti bíréèkì, kò ní tó mítà 10. Nítorí náà, bí iná bá rẹ̀wẹ̀sì mọ́ yín lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ dín eré kù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó máa ronú ohun tí ó ṣe é.

Ọ̀pọ̀ wa, bí iná bá ti kú, a ó wa alùpùpù lọ bá rewáyà, a ó sì ní, “Ọ̀gá, ẹ bá mi wo iná yìí.” Rewáyà yóò fi gílóòbù tuntun sí i, a ó san owó, a ó máa lọ. Bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bá kọjá, gílóòbù náà tún ti jó. A kò sọ pé iṣẹ́ rewáyà kò dára. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó mọ ibi tí àìsàn wà lè sọ ọ́ fún oníṣègùn, owó rẹ̀ kò sì ní ṣòfò. Púpọ̀ nínú ohun tí ó ń ṣe iná iwájú ni a lè fi súkúdíráfà, sáńpépà àti sùúrù tún ṣe lábẹ́ igi máńgòrò.

Níbo ni iná náà ti ń wá?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí alùpùpù yín jẹ́. Ní ọdún 1831 ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Michael Faraday fi hàn pé bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ń yí létí kọ́ìlì wáyà, iná yóò ti inú wáyà náà jáde. Ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnì alùpùpù yín nìyẹn títí di òní: mágínẹ́ẹ̀tì ń yí, kọ́ìlì dúró jẹ́ẹ́, iná ń jáde. Ọ̀nà méjì ni iná yìí máa ń gbà dé iwájú. Nínú oríṣi kìíní, ó ti ibi kọ́ìlì lọ sí iwájú tààrà, rẹ́gúlétọ̀ nìkan ni ó ń kó o níjàánu. Nínú oríṣi kejì, ó kọ́kọ́ lọ sínú bátìrì, láti ibẹ̀ ni iná iwájú ti ń gba tirẹ̀.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ má ta ẹ́ńjìnì, kí ẹ tan iná iwájú. Bí ó bá tàn, bátìrì ni ó ń bọ́ ọ. Bí kò bá tàn, ẹ ta ẹ́ńjìnì. Bí ó bá tàn nígbà náà, tí ó ń mọ́lẹ̀ sí i bí ẹ ti ń tẹ iná fún ẹ́ńjìnì, tí ó sì ń rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí ẹ bá fi í sílẹ̀, kọ́ìlì ni ó ń bọ́ ọ tààrà. Oríṣi yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn alùpùpù kékeré tí a fi ń lọ sí oko. Ó yẹ kí a mọ èyí dáadáa, nítorí a ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa wí pé, “Fèrè ń dún, táráfíkétọ̀ ń ṣẹ́jú, nítorí náà iná wà, gílóòbù ni yóò ti jó.” Lára alùpùpù oríṣi kìíní, bátìrì ni ó ni fèrè àti táráfíkétọ̀, kọ́ìlì ni ó ni iná iwájú. Ọ̀kan lè kú kí èkejì má mọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá sì lọ ra bátìrì tuntun nítorí iná iwájú irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ti sọ owó rẹ̀ sínú odò.

Ẹ wo gílóòbù náà fúnra yín

Gílóòbù iná iwájú ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì nínú, ọ̀kan fún iná gíga tí ń rí ọ̀nà jíjìn, èkejì fún dímù tí a ń lò bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókè. Nítorí èyí, bí ọ̀kan bá tàn tí èkejì kò tàn, ẹ̀rí wà pé iná ń dé iwájú, ẹ́ẹ̀tì sì wà. Ó di ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta: wáyà inú gílóòbù ti já, tàbí ṣíwíìsì tí a fi ń pààrọ̀ gíga sí dímù ti dọ̀tí, tàbí wáyà tí ó so ṣíwíìsì náà mọ́ gílóòbù ti já. Lóru, ẹ̀kọ́ yìí lè mú yín délé: bí dímù bá kú lójijì, ẹ pààrọ̀ sí gíga, kí ẹ máa rọra lọ.

Ẹ tú ojú iná náà, kí ẹ yọ gílóòbù. Ẹ má fi ìka kan ara gílóòbù bí ó bá jẹ́ oríṣi kékeré tí dígí rẹ̀ nípọn. Òróró ọwọ́ wa a máa mú kí dígí náà gbóná lójú kan, a sì máa dín ọjọ́ rẹ̀ kù. Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi dì í mú. Ẹ gbé e sí ojú oòrùn kí ẹ wò ó. Bí wáyà inú rẹ̀ bá ti já, tàbí dígí ti di dúdú, ó ti parí. Ṣùgbọ́n ojú a máa tan ni jẹ, nítorí náà ẹ dán an wò lórí bátìrì: ibi ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí nẹ́gẹ́tíìfù, kí ẹ sì fi wáyà pósítíìfù kan àwọn ẹsẹ̀ méjì tí ó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì bá tàn, gílóòbù náà kò ní ẹ̀sùn. Ẹ má dá a lẹ́bi mọ́.

Ẹ ka ohun tí a kọ sí ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù wa ń fẹ́ fólítì 12, wáàtì 35. Àwọn àgbà tí ó ti lo ìgbà èwe wọn ní ibùdó àgbẹ̀ Ìlọrà tàbí Àkùfọ̀ yóò rántí Honda kékeré ayé àtijọ́, tí iná rẹ̀ jẹ́ fólítì 6. Bí ẹ bá fi irú gílóòbù yẹn sí ara ti òde òní, yóò jó lọ́gán. Bí ẹ bá sì fi ti fólítì 12 sí ara ti àtijọ́, pípọ́n ni yóò máa pọ́n bí ẹyín iná, kò ní mọ́lẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni ti àwọn tí ń wá ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n ń ki gílóòbù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bọ inú iná alùpùpù. Ẹ ṣírò rẹ̀: wáàtì 35 lórí fólítì 12 ń fa bí áḿpù 3. Wáàtì 60 ń fa áḿpù 5. Kọ́ìlì tí a ṣe fún áḿpù 3 kò lè bí 5, bátìrì kékeré kò lè pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ike tí ó di ìdí gílóòbù mú yóò sì yọ́ bí òrí. Kò sí bí a ṣe lè fi ikòkò ọbẹ̀ ẹni mẹ́ta bọ́ àwọn tí ó wá síbi ìgbéyàwó. Ti gílóòbù LED tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà báyìí náà ni ọ̀rọ̀ kan. Kì í fa iná púpọ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí a ṣe fún iná bátìrì yóò máa ṣẹ́jú lára alùpùpù tí kọ́ìlì ń bọ́ iná iwájú rẹ̀. Òmíràn sì ń tàn ká sí ojú ẹni tí ń bọ̀, kò tàn sí ilẹ̀. Ẹni tí ẹ fọ́ lójú lè wá kọ lù yín.

Ẹ́ẹ̀tì: ibi tí ọ̀pọ̀ àìsàn wà

Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, ohun tí ó ń pa iná iwájú jù ní àdúgbò wa kì í ṣe gílóòbù. Ẹ́ẹ̀tì ni. Iná tí ó ti inú wáyà lọ sí gílóòbù ní láti rí ọ̀nà padà, ara irin alùpùpù náà ni ó sì sábà ń gbà padà. Eruku ọyẹ́ wọ ibẹ̀, òjò tẹ̀ lé e, ẹni tí ń fọ alùpùpù sì tún fi omi oníparí ta á. Bọ́ọ̀tì tí ó so wáyà ẹ́ẹ̀tì mọ́ irin dípẹtà, bàbà inú wáyà di àwọ̀ ewé. Iná ṣì ń kọjá, ṣùgbọ́n ó ń kọjá tipátipá. Bí fólítì 2 péré bá sọnù nínú 12 lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù yóò dín kù tó ìlàjì. Ẹ kò ní rí ohun tí ó já, ẹ kò ní rí ohun tí ó jó, iná yóò kàn máa pọ́n ni.

Ìdánwò rẹ̀ nìyí. Ẹ tan iná iwájú. Ẹ mú wáyà kan tí ó nípọn díẹ̀, ẹ fi orí rẹ̀ kan kan ibi ẹ́ẹ̀tì gílóòbù, kí ẹ fi èkejì kan nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì tàbí ara ẹ́ńjìnì níbi tí irin ti mọ́. Bí iná bá là lójijì, ẹ ti rí olè náà. Ẹ wá ibi tí wọ́n de ẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà họ ọ́ títí irin yóò fi dán, ẹ dè é padà kí ó le, kí ẹ sì fi gírísì díẹ̀ bò ó kí omi má baà tún wọ̀ ọ́. Kí ẹ lè mọ wáyà náà: lára Honda àti àwọn tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé ni ẹ́ẹ̀tì, lára Yamaha, dúdú ni, lára Suzuki, dúdú tí ó ní ìlà funfun ni. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí ó ti kọjá lọ́wọ́ rewáyà mẹ́ta mẹ́rin, ẹ má gba àwọ̀ wáyà rẹ̀ gbọ́.

Fíúsì, ṣíwíìsì àti ọrùn alùpùpù

Lára èyí tí bátìrì ń bọ́ iná rẹ̀, ẹ wo fíúsì. Bí ó bá ti já, ẹ fi irú rẹ̀ gan-an pààrọ̀ rẹ̀. Bí tuntun bá tún já lójú ẹsẹ̀, wáyà kan ti bó, ó sì ń kan irin níbì kan. Ẹ máa wá a, ẹ má máa ra fíúsì kún fíúsì. Ní oṣù kínní ọdún 2009, nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ọlọ́kadà tí kò dé akoto, àwọn kan lọ de igbá mọ́rí. Bébà dídán inú páálí sìgá tí a ń wé mọ́ ilé fíúsì, ọmọ ìyá igbá yẹn ni. Fíúsì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ já kí wáyà má baà jó. Bí kò bá lè já mọ́, wáyà abẹ́ táǹkì epo ni yóò jó ní ipò rẹ̀, gbogbo wa sì mọ ohun tí ó wà nínú táǹkì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tan iná, kí ẹ máa yí ọwọ́ alùpùpù sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí iná bá ń ṣẹ́jú tàbí tí ó ń kú bí ẹ ti ń yí i, wáyà ti já nínú rọ́bà rẹ̀ níbi ọrùn, níbi tí ó ti ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Lóde, rọ́bà yóò dára lójú. Ẹ fà á díẹ̀díẹ̀, ibi tí ó bá ti ń nà bí ọ̀rá ni bàbà inú rẹ̀ ti gé. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò, ẹ fi wáyà tuntun tí ó gùn díẹ̀ sí i so ó, ẹ jó o ní léèdì, ẹ wé téèpù mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dáná sun ọ̀rá kí ẹ máa kán an sórí rẹ̀. A mọ̀ pé ó yá, ṣùgbọ́n ọ̀rá náà ń là nígbà ọyẹ́, omi sì ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà òjò.

Fún ṣíwíìsì, ẹ ṣe tẹ́sítà fún ara yín: gílóòbù táráfíkétọ̀ kan, wáyà méjì lára rẹ̀, ó parí. Ẹ so wáyà kan mọ́ ẹ́ẹ̀tì tí ó dára, kí ẹ fi èkejì máa kan àwọn ojú ibi tí iná ń gbà. Bí ó bá tàn níbi tí iná ti ń wọ ṣíwíìsì, tí kò tàn níbi tí ó ti ń jáde, inú ṣíwíìsì náà ni àrùn wà. Ẹ tú u lórí aṣọ funfun, nítorí sípíríǹgì rẹ̀ kéré, a sì máa fò. Ẹ họ àwọn bàbà inú rẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku rẹ̀ kúrò. Ẹ rántí pé lára alùpùpù tí kọ́ìlì ń bọ́ iná rẹ̀, ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń lo tẹ́sítà yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí iná tí yóò rí. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Èéfín ẹ́ńjìnì nínú yàrá ń pa ènìyàn.

Bí gílóòbù bá ń jó léraléra

Èyí ni ó ń ná wa lówó jù. Bí ẹ bá ti fi gílóòbù méjì sí i láàárín oṣù kan, tí ó sì jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ iná dáadáa ni ó máa ń jó, ẹ fi gílóòbù sílẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ ni kí ẹ wò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí iná kọ́ìlì kọjá bíi fólítì 14. Bí ó bá bàjẹ́, tàbí bí bọ́ọ̀tì tí ó fi ń rí ẹ́ẹ̀tì bá tú, fólítì yóò máa gun òkè bí ẹ́ńjìnì ti ń sáré. Ẹ kọ́kọ́ họ ìdí rẹ̀ kí ẹ sì dè é le. Nígbà mìíràn, ó tán nìyẹn. Bí kò bá tán, ẹ lọ bá ẹni tí ó ní mítà, kí ẹ sì sọ fún un pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn fólítì tí ó ń dé ìdí gílóòbù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré, kí ẹ tó fi òmíràn sí i.” Bí ó bá kọjá 15, ẹ pààrọ̀ rẹ́gúlétọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iná kò mọ́lẹ̀ rárá bí ó ti wù kí ẹ tẹ iná tó, tí gílóòbù dára, tí ẹ́ẹ̀tì dára, tí ṣíwíìsì dára, ó ṣeé ṣe kí kọ́ìlì ti jó. Iṣẹ́ ìyẹn kọjá abẹ́ igi máńgòrò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe é.

Fún èyí tí bátìrì ń bọ́, mítà kan náà yóò sọ òtítọ́. Bátìrì tí ó kún, tí a kò ta ẹ́ńjìnì rẹ̀, yẹ kí ó wà ní bíi 12.6. Bí ó bá ti wá sí 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ẹ bá ta ẹ́ńjìnì tí ẹ sì tẹ iná díẹ̀, ó yẹ kí ó gòkè sí àárín 13.5 àti 14.5. Bí kò bá gòkè, a kò ṣaájì rẹ̀, bátìrì tuntun yóò sì kú bí ti àtijọ́. Bí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, omi bátìrì tí kò ní ásíìdì nínú ni kí ẹ fi kún un. Kì í ṣe omi kànga.

Ìgbà tí iná bá ti tàn tán

Iná tí ó tàn sí orí igi kò ṣe àgbẹ̀ láǹfààní. Ẹ gbé alùpùpù sí ilẹ̀ títẹ́jú ní ìrọ̀lẹ́, kí ó kọjú sí ògiri, kí àyè àárín wọn tó mítà 7 tàbí 8. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ògiri níbi tí ó ga tó àárín iná iwájú. Ẹ tan dímù. Ojú ìmọ́lẹ̀ náà yẹ kí ó wà ní ìsàlẹ̀ àmì yẹn, bí ìbú ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ó bá wà lókè, ẹ tú bọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ iná náà díẹ̀, ẹ tẹ orí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ dè é padà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é nígbà tí alùpùpù ṣófo. Bí a bá di àpò gbágùúdá méjì mọ́ ẹ̀yìn, sípíríǹgì ẹ̀yìn yóò rì, iwájú yóò gòkè, iná tí a tún ṣe dáadáa ní àárọ̀ yóò wá máa wo ojú ọ̀run ní alẹ́. Irú ẹrù tí ẹ máa ń gbé lọ sí ọjà ní ìdájí ni kí ẹ dì sí i, kí ẹnìkan nínú yín jókòó lé e lórí, kí ẹlòmíràn wá fi ìmọ́lẹ̀ náà wé àmì ara ògiri.